Òdo Tí Kò Pẹ́ Láyé

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ìníolúwa fa Bàbá Zachariah kúrò lẹ́nu géètì wọ yàrá kọ̀ǹpútà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Warri. Ọ̀gá àgbà, Màdáámù Abísọ́lá, ń bọ̀ láti Èkó wá yẹ iṣẹ́ wò. Bí ọ̀gá kò bá rí àléébù, Ìníolúwa á gba lẹ́tà pé ó ti di òṣìṣẹ́ pátápátá. Bó bá rí i, ilé yá.

"Bàbá, ẹ kàn buwọ́ lùwé síbí."

Bàbá Zachariah, ọmọ Ìlàjẹ tó ti ń ṣọ́ géètì láti ọdún méjìlélógún, fi ìwé géètì rẹ̀ há abíyá. "Kí n buwọ́ lu kí ni?"

"Pé ẹ wà níbí nígbà tí mo yí nọ́ńbà kan padà. Òfin ilé iṣẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a yí, àfi kí ẹlẹ́rìí wà."

"Àwọn ará ọ́fíìsì ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ti lọ wo ọkọ̀ tó gúnlẹ̀."

Bàbá ka ìwé náà, ètè rẹ̀ ń mì. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé, 'Ó yé mi.' Ìní, kò tíì yé mi o. I no dey sign wetin I no know."

Ìníolúwa wo aago, ó mí kanlẹ̀, ó tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà níbi tí "lost 4316" wà.

"Kọ̀ǹpútà yìí máa ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wọlé, ẹni tó ṣí fáìlì, ẹni tó pa nǹkan rẹ́. Bí iṣẹ́ bá ya dé lójijì, àyè tó ń kọ wọ́n sí á kún. Èyí tí kò bá rí kọ ti sọnù nìyẹn. Wọ́n ti di 4,316."

"Yéè! Ta ló jí wọn?"

"Ẹnikẹ́ni ò jí wọn. Wọ́n sọnù ni."

"Kí làwọn tó sọnù?"

"A ò mọ̀."

Bàbá fa àga, ó jókòó. "Ẹ ò mọ ohun tó sọnù, ẹ wá mọ iye rẹ̀. Ẹni tó gbàgbé nǹkan, ṣé ó máa ń rántí iye tó gbàgbé?"

Ìníolúwa kọjú sí Bàbá. Ọdún márùn-ún ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó bi í ní èyí rí.

"Bàbá, bí tírélà mẹ́wàá bá já lu géètì yín lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Èyí tí mo bá rí nọ́ńbà rẹ̀, màá kọ ọ́. Èyí tó bá sáré kọjá, màá fa ìlà kan." Ó ṣí ìwé rẹ̀: ìlà tò lọ bí ọgbà onígi. "Òun ni Màdáámù kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Wọ́n á ka ìlà, wọ́n á bi mí, màá rojọ́."

"Ẹ ò rí i! Kọ̀ǹpútà náà ti fa ìlà 4,316. Èmi fẹ́ sọ ọ́ di òdo."

Bàbá fò dìde. "O fẹ́ pa ìlà rẹ́? Ìní, mo bímọ o! Èmi ò bá ẹ dé ẹ̀wọ̀n."

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀! Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ṣe é, àti pé 4,316 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ta ló máa ń ka àkọsílẹ̀ ọ̀hún?"

"Kò sí."

"Hẹn-ẹ́n." Bàbá padà jókòó. "Àyè tó kún yẹn ńkọ́, ṣé o ti fẹ̀ ẹ́?"

"Tí Màdáámù bá ti lọ."

"Òrùlé ń jò, ìwọ ń nu ilẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Dírẹ́bà wọn ti pè, wọ́n ti kọjá Ugborikoko!"

"Kò burú. Ó ti yé mi." Bàbá buwọ́ lùwé rẹrẹ bíi mínísítà.

Ìníolúwa tẹ àṣẹ náà. "Lost 0." Ó fò mọ́ Bàbá, àwọn méjèèjì jó yí àga po.

"Òdo!"

"Òdo o!"

Bàbá ló kọ́kọ́ dúró. "Ìní, wo ojú ẹ̀."

"Lost 1."

"Kí ló tún sọnù?"

Ìníolúwa wá inú àkọsílẹ̀ lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àyè ṣì kún, Bàbá. Àkọsílẹ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́ di òdo, òun gan-an ló sọnù."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "So na only me remain! Èmi ni àkọsílẹ̀ tó kù!"

Ilẹ̀kùn mọ́tò dún gbàmù nísàlẹ̀. Ìníolúwa yọjú lójú fèrèsé: Màdáámù Abísọ́lá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọgbà, géètì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Bàbá! Ta ló kọ orúkọ wọn ní géètì?"

"Ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ ló ń bá ẹ jó." Bàbá ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà kan, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: *Ìníolúwa ló pè mí kúrò lẹ́nu géètì.*

"Ẹ gbà mí o! Ẹ pa á rẹ́!"

"Kí n dá a pa rẹ́? Òfin ilé iṣẹ́ ńkọ́?" Bàtà Màdáámù ti ń ró kò-kò-kò lórí àtẹ̀gùn. Bàbá na bírò sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn. "Fara balẹ̀. Ẹlẹ́rìí ló ń gòkè bọ̀ yẹn. Bó bá ti yé wọn, màá pa á rẹ́."