Ìjàkadì Nìkan Ni Mo Wá Rà

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n kébù, ó gbé rìmóòtù ilé rẹ̀ dání bí ẹni mú olè wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ ju akọ̀wé kan lọ, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn kántà, tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàbọ̀ sí ilé ìgbádùn, bàbá," ni akọ̀wé wí, láìgbójú sókè. "Ẹ̀rín yín ni èrè wa."

"A jẹ́ pé àdánù lẹ̀ ń jẹ láti àná, torí mi ò tíì rẹ́rìn-ín."

"Kí la lè bá yín ṣe?"

"Mo ka ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn. 'Má ra ìdì mọ́. Ẹyọ tó wù ọ́ ni kí o san owó rẹ̀.' Ṣé òótọ́ ni, àbí ibi tí ilẹ̀kùn ti là lẹ kàn fi bò?"

"Òótọ́ ni, bàbá. Ìkànnì wo lẹ fẹ́?"

"Ìkan ni."

"Mo mọ̀ pé ìkànnì ni. Èwo?"

"Ìkan ni mo wí. Kì í ṣe méjì."

"Bàbá, gbogbo ohun tí à ń tà níbí, ìkànnì ni."

"Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìkan, kí ló wá dé tí ẹ fi ń dì í pọ̀?"

Akọ̀wé gbójú sókè wàyí. Ó wo rìmóòtù, ó wo ẹni tó gbé e dání, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó tún ilẹ̀ tó ti gbá gbá.

"Èyí tí wọ́n ti ń kọrin lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tí wọ́n ti ń se oúnjẹ?"

"Èyí tí wọ́n ti ń jàkadì. Tí wọ́n ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti dúdú."

"Nọ́ńbà káàdì yín ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ló ni káàdì. Orúkọ rẹ̀ lẹ fi sí i. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

"Toò. Bí mi ò bá rí káàdì, mi ò lè rí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Oníbàárà wa yìí, ṣé ó ti san?"

"Kò tíì sàn tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sàn."

"A kì í gba díẹ̀díẹ̀, bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ san."

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀?"

"Ọjọ́ orí kò sí nínú òfin wa. Bí oṣù bá parí tí kò san, wọ́n á gé e."

Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọwọ́ méjèèjì di kántà mú. "Wọ́n á gé kí ni?"

"Wọ́n á gé e. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé wọ́n ti gé e."

"Ta ló gé e? Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, méjèèjì pé. Dókítà ní ó ti ń so pọ̀."

"Kò kan dókítà, bàbá. Ẹ̀rọ ló ń gé e. Ibi tí mo jókòó sí yìí, màá kàn tẹ bọ́tìnnì kan, ó tán. Kì í dun ẹnikẹ́ni."

"Kì í dun ìwọ."

"Bí ó bá sì ti san, a ó tún so ó padà."

"Èyí tí ẹ ti gé yẹn náà?"

"Òun náà. Kì í pẹ́."

Gbẹ́nàgbẹ́nà na ọwọ́ kọjá kántà, ó rọra gbé ọwọ́ akọ̀wé kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni ń gbé ẹyin. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọwọ́ yẹn jìnnà sí bọ́tìnnì díẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi kì í ṣe ohun tí a ń jókòó sí ọ́fíìsì gé."

"Ẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́."

"Bàbá, tẹlifíṣọ̀n ni mò ń sọ. Owó ni mò ń béèrè bóyá wọ́n ti san."

Gbẹ́nàgbẹ́nà tú ọwọ́ akọ̀wé sílẹ̀.

"Ò bá ti dárúkọ owó," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ayé lẹ̀ ń dárúkọ owó. Àfi lónìí tó yẹ kí ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ má bínú. Ẹ kú àmójútó ìyá. Báwo ni ẹsẹ̀ wọn ṣe ṣẹ́?"

"Ìjàkadì ni."

"Ìyá ń jàkadì?"

"Ó ń wò ó. Ẹni tó fẹ́ràn gbé ẹnì kan ṣánlẹ̀, inú ìyàwó mi dùn, ó fò sókè lórí àga, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjì tó ń jà dìde, wọ́n gbọn eruku ara wọn nù, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n gba ilé wọn lọ. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nílé ló ṣẹ́ lẹ́sẹ̀."

"Ohun tó ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀ lẹ wá fẹ́ tún lọ rà fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ kejì ṣì kù."

Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́ bí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí ìjókòó, ohùn iṣẹ́ sì padà sí ẹnu rẹ̀. "Ó dáa, bàbá. Ẹ lè ra ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹyọ kì í dá dúró. Ìdì kékeré kan wà tí ẹ máa kọ́kọ́ rà."

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

"Ìpìlẹ̀ ni ìdì rẹ̀."

"Mo ní kí ni ìdí rẹ̀."

"Mo gbọ́, bàbá. Ìpìlẹ̀ là ń pe ìdì náà."

"Ìdì nìwọ ń sọ, ìdí lèmi ń béèrè. Mo ti wá mọ ohun tí ẹ̀ ń tà níbí: ìdì tí kò ní ìdí."

"Ìkànnì tó wà nínú rẹ̀ dáa. Èyí tí wọ́n ti ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní ìlú òkèèrè wà níbẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tí kò lè dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá kó mú agbòjò tó bá ń rìnrìn-àjò lọ sí òkèèrè."

"Èyí tí wọ́n ti ń ta ọ̀bẹ láàárọ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń ta á lálẹ́."

"Tí kò tíì tà láti àárọ̀. Ọmọ mi, gbọ́. Bí ìwọ bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la, tí o ní àga kan lo fẹ́, màá ní ó dáa, kò burú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ra pósí."

"Kí ni mo fẹ́ fi pósí ṣe?"

"Ìpìlẹ̀ ni. Àga kì í dá dúró."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ lérán. Òun náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, tábìlì ìjẹun tí ẹ̀ ń kàn, ṣé ẹ kì í tà á mọ́ àga mẹ́fà?"

"Mo máa ń tà á bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó bá ní àga méjì péré lòun fẹ́ ńkọ́?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo òkè àjà. "Mo máa ń sọ fún un pé igi ti tán."

"Ẹ ṣeun."

"Ṣùgbọ́n èmi ò lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn pé kó wá ra méjì."

Akọ̀wé gbà, ó mi orí. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi rìmóòtù kan kántà. "Gbogbo ẹ̀ jẹ́ èló?"

"Owó ìpìlẹ̀, owó ẹyọ, àti owó yíyàn."

"Owó yíyàn?"

"Owó tí ẹ̀ ń san torí pé ẹ yàn."

"Bí mi ò bá yàn ńkọ́?"

"A máa bá yín yàn."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdì nìyẹn."

"Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ wá dín sí owó ìdì?"

"Ó dín díẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ ọ̀hún ṣe tó?"

"Bí ẹ bá ń lọ sílé, ó lè ra ìṣó kan fún yín. Bóyá orí ìṣó náà á ti tẹ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rín in. Akọ̀wé náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn fún ìyá wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìjàkadì dandan?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé rìmóòtù lé orí kántà, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún.

"Láti ọjọ́ tó ti ṣubú ni mo ti ti ṣọ́ọ̀bù," ó ní. "Mo jókòó tì í. Kì í sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá ní ṣé ó ń dùn ún, á ní rárá. Bí mo bá tún bi í, á kọjú sí ògiri. Àmọ́ kí ìjàkadì bẹ̀rẹ̀, wàá gbọ́ ohùn. Á máa bú àwọn ọkùnrin sígbọnlẹ̀ yẹn bí ẹni pé inú yàrá wa ni wọ́n wà, á máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa di ara wọn mú. Èmi kì í wò ó. Mo máa ń jókòó, màá máa gbọ́ ọ ni. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ìyàwó mi ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó wá dúdú lánàá, mo ní ilé máa gbóná. Ó rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ẹ̀rín ò ṣáà burú."

"O ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi kì í rẹ́rìn-ín sí ohun tó bàjẹ́. Ó tún ní kí n máa yí i síwájú, kí n wo ohun tó kù. Mo ní kí ló kù. Mo pa á. Ó wò mí, ó ní, 'Ayùn-ò-sinmi, ìsinmi rẹ wá pọ̀ jù.'"

Akọ̀wé gbé orí sókè. "Kí ni wọ́n pè yín?"

"Ayùn-ò-sinmi. Orúkọ tó fún mi nìyẹn nígbà tó wọlé mi."

"Ṣé ohùn wọn nípọn díẹ̀, tí wọ́n á ní 'ìwọ ọmọ yìí' kí wọ́n tó kí ènìyàn?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Wọ́n pè mí lórí fóònù lánàá, bàbá. Èmi gan-an ni mo gbé e. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n gé ìjàkadì."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wá àga, ó jókòó. Àga náà dún, kò tiẹ̀ wo ibi tó ti ń dún.

"Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé a ti ń ta ẹyọ," ni akọ̀wé ń bá lọ. "Wọ́n ní kí n kó gbogbo ìyókù kúrò, kí n fi èyí tí wọ́n ti ń fi igi ṣiṣẹ́ sí i."

"Igi? Kí ni yóò máa wò lára igi?"

"Ohun tí èmi náà bi wọ́n nìyẹn. Wọ́n ní Ayùn-ò-sinmi, ọkọ àwọn, ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti àwọn láti àárọ̀ títí di alẹ́, ó ń wo àwọn lójú bí ẹni ń ṣọ́ omi tí kò tíì hó. Wọ́n ní agbára àwọn kò ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, èyí tó máa mú ojú rẹ̀ kúrò lára àwọn ni kí n fún àwọn. Wọ́n ní bó bá rí ibi tí ẹlòmíì ti gé igi wọ́, kò ní lè jókòó pẹ́."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ mú rìmóòtù, ó gbé e lé orí itan. "Kò tiẹ̀ bi mí léèrè."

"Ẹ̀yin náà ò bi wọ́n kẹ́ ẹ tó máa bọ̀."

"Ṣé ẹ gba owó yíyàn lọ́wọ́ rẹ̀?"

"A gbà á. Wọ́n sì bú mi dáadáa. Kí n má parọ́ fún yín, ó tó sí mi." Akọ̀wé fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Nọ́ńbà fóònù wọn ti tó mi láti fi wá wọn. Ṣé kí n fi ìjàkadì kún ti igi? Ẹyọ méjì."

"Èló ni méjì?"

"Ó ju owó ìdì lọ."

"Ìdì tí a ní tẹ́lẹ̀, tí méjèèjì wà nínú rẹ̀?"

"Òun náà."

"Ta ló ronú ọgbọ́n yìí?"

"Àwọn tó wà lókè ni. Ilé wọn lẹ́wà gan-an."

Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde. "Mú igi kúrò. Fi ìjàkadì rẹ̀ sí i padà."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa wò?"

"Igi wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ni màá padà sílé, bí ọkọ tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀."

"Owó yíyàn lẹ máa tún san o. Ẹ tún yàn."

"Mo ti mọ̀," ó ní, ó sì san án.

Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e sétí, kíá ló sì gbé e jìnnà sí etí. Akọ̀wé gbọ́ ohùn náà láti ẹ̀yìn kántà: ohùn nípọn, ó ń tú bí omi ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà ní "bẹ́ẹ̀ ni", ó ní "èmi ni", ó ní "mo gbọ́". Wọ́n pa fóònù mọ́ ọn létí.

"Kí ni wọ́n wí, bàbá?"

"Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́. Ó ní ọmọ ará ilé kan bá òun fọwọ́ tan tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan sì ń fá pákó lọ́wọ́ lójú òun, ni wọ́n bá gbé e lọ, ni àwọn oníjàkadì bá dé."

"Inú ń bí wọn?"

"Gan-an." Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tí wọ́n bí ọmọ tuntun fún. "Ṣé o gbọ́ ohùn ọ̀hún? Láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀, àwọn àjèjì nìkan ló ń gbà á. Èmi ló bú lónìí. Ó ní ọjọ́ tí òun bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, èmi lòun máa kọ́kọ́ gbé ṣánlẹ̀."

Akọ̀wé dá ọwọ́ padà sórí kọ̀ǹpútà.

"Ká fi ìkànnì eré sísá kún un, bàbá? Ẹyọ lòun náà."