Ìbọn Tó Bá Ọwọ́ Mi Mu

Ẹ jẹ́ kí a yin ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ohun tí kò ní. Kò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná lójú ọ̀nà Kàdúná. Kò wọ bàálù rí, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí ìjókòó rẹ̀ dẹ̀ jù. Láàárọ̀, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì mai-shayi tó ń ta tíì, ife tíì lọ́wọ́ ọ̀tún, búrẹ́dì lọ́wọ́ òsì, yóò máa tú ayé palẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá jẹun. Kì í gba kọ́bọ̀. Irú ìmọ̀ yìí ló gbé Sabon Gari wa ní Kánò ró. Bí kò bá sí i, à bá kàn máa jẹ búrẹ́dì wa lásán, ká sì máa lọ sí ibi iṣẹ́ lásìkò.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé títí tí wọn yóò fi gbé mi sin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣọdún Iléyá. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ló máa ń kọ́kọ́ já kí ẹ̀rín tó dé.

Nígbà náà, ìbọn ìléwọ́ ni ìmọ̀ tèmi. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n kan wà tí wọ́n máa ń dúró nínú pápá, tí wọ́n á to ìbọn sórí tábìlì, tí wọ́n á máa fi ti ilé-iṣẹ́ kan wé ti òmíràn. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bí ìbọn ṣe lágbára tó. Bó ṣe jókòó sọ́wọ́ ẹni ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú wọn ní kí èèyàn dijú, kí ó na ìbọn síwájú, kí ó wá lajú. Bí ẹnu ìbọn bá ti kọjú sí ibi tó ní lọ́kàn, ìbọn rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ní láti yí ọrùn-ọwọ́ kí ó tó bọ́ síbẹ̀, kí ó gbé e sílẹ̀, bó ti wù kí orúkọ ẹni tó rọ ọ́ gbajúmọ̀ tó. Èmi tí mo máa ń rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹnu ìbọn ọlọ́pàá bá ṣèèṣì kọjú sí mi ní Zoo Road, mo ti yan ilé-iṣẹ́ tí mo ń gbè lẹ́yìn. Mo tilẹ̀ bá ẹnì kan tí n kò rí rí jà lórí fóònù fún ọjọ́ méjì gbáko, nítorí pé ó ní ìdìmú ìbọn tèmi sanra jù.

Ìjọ wa ló wá fún ìmọ̀ náà níṣẹ́ ṣe. Wọ́n fẹ́ ṣe eré fún Ọjọ́ Àwọn Ọkùnrin, wọ́n ní kí n ṣe ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: "Dúró níbẹ̀." Olè á káwọ́ sókè, a ó sì kọrin. Ẹni tó ń darí eré ní igi tí a fi náílọ̀n dúdú wé ti tó. Mo wò ó bí ẹni pé ó bú bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn Bùkọ́lá, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé ní Railway Quarters, kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé ọmọ yunifásítì yìí, ẹnu rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, pé òun á máa wo ìṣesí mi títí di ọjọ́ Ẹtì kí òun tó mọ̀ bóyá kí àwọn èèyàn mi wá tàbí kí wọ́n jókòó sílé. Bùkọ́lá bẹ̀ mí pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, kí n ṣáà máa rìn bí èèyàn. Mo ṣèlérí fún un. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ra ìbọn.

Bí Iléyá bá ti ń bọ̀ ní Kánò, ìbọn ìṣeré ló ń gba ìta, nítorí òun ni àwọn ọmọdé fi ń ṣọdún. Alhaji Mùfútàù, ọmọ Ọ̀ffà tí wọ́n bí sí Fagge, ti to tirẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ìlú. Mo kí i ní Yorùbá, ó fi Haúsá bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, ó fi Yorùbá parí rẹ̀. Mo ní ìbọn ni mo fẹ́. Ó béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ló fẹ́ lò ó. Mo ní èmi ni.

Oríṣi méjì ló dára níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Ọ̀kan dúdú, ó wúwo, kò ní iná, kò ní ariwo, bí ẹ bá rí i lókèèrè ẹ ó ronú pìwà dà. Èkejì ń dán bíi fàdákà, ó ní iná lẹ́nu, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ á kọrin. Alhaji ní èyí tó ń kọrin ni àwọn ọmọ fẹ́ràn. Mo ní ọ̀rọ̀ orin kọ́ la wí. Mo di ọ̀kan mú, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo di èkejì mú. Mo dijú, mo lajú.

"Alhaji, ẹ ò rí bí ìdìmú fàdákà yìí ṣe tẹ̀ sẹ́yìn? Ó ń fa ọrùn-ọwọ́ mi."

Alhaji wo ọwọ́ mi, ó wo ìbọn, ó tún wo ojú mi. "Malam, ṣé kí n fi bátìrì sí i?"

Ìyá kan dé, ó ra márùn-ún, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n kí ó tó ní kí wọ́n kó wọn sínú náílọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Bàbá kan dé, ó ra tirẹ̀, ó lọ. Èmi ṣì ń dijú. Nígbà tó yá, ó sú Alhaji. Ó ní kí n gbé méjèèjì bọ́ síta níbi tí atẹ́gùn wà, kí èmi àti àwọn ìbọn náà lọ bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ní òdìkejì ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dígí dúdú ṣe gbogbo iwájú rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń tàn sára rẹ̀, ó wá dà bíi díńgí ńlá. N kò wo ohun tí wọ́n kọ sókè. Èmi ni mo rí níbẹ̀, láti orí dé bàtà, ó sì wù mí. Mo fi ìbọn dúdú sọ́wọ́ ọ̀tún, fàdákà sọ́wọ́ òsì. Mo dijú, mo na ọ̀tún, mo lajú. Àárín àyà ọkùnrin inú dígí ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Mo ní, "Dúró níbẹ̀." Mo tún un sọ, mo fi ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun sí i. Mo yí ẹ̀gbẹ́ wò ó. Mo fi ìbọn há ìbàdí, mo fà á yọ lójijì, mo tún há a, mo tún fà á yọ. Ẹ ò tíì rí ìnsípẹ́kítọ̀ tí iṣẹ́ mọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn irú dígí bẹ́ẹ̀ ń rí ìta kedere. Ṣọ́ọ̀bù awò ojú ni. Ẹni tó ni ín, Malam Sani, wà nínú pẹ̀lú oníbàárà kan, bàbá àgbàlagbà tí kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa láti bí ọdún méjì. Malam Sani ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awò tuntun sí i lójú ni, ó wá ní kí bàbá wo ìta, kí ó sọ ohun tó bá kọ́kọ́ rí.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ méjì ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n wà lókè. Bàbá Bùkọ́lá ló tẹ̀ lé wọn, awò tuntun lójú rẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń mì létí. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Malam Sani ti gba ẹ̀yìn sá lọ, pé ìbọn nìkan ni bàbá rí, kò wo ojú, ó sì rò pé bí òun bá sá, wọn á yìnbọn lu òun lẹ́yìn, ló ṣe yàn láti wá fara rẹ̀ lélẹ̀.

 Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe bó bá ṣàdédé rí bàbá ẹni tó fẹ́ fẹ́? Kò sí àyè àtironú. Ara ló ṣe é fúnra rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, sà."

Mo gbàgbé pé ìbọn wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ bá mi wò ó pẹ̀lú ojú àwọn tó ń kọjá. Ọkùnrin kan mú ìbọn méjì dání, bàbá arúgbó káwọ́ sókè níwájú rẹ̀, ọkùnrin náà sì ṣàdédé da ara rẹ̀ délẹ̀ bí sójà ṣe máa ń ṣe, ẹnu ìbọn méjèèjì kọjú sí ẹsẹ̀ bàbá. Gbogbo ọ̀nà ló dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fò sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ dá nìkan lọ, ó lọ kọlu ọmọlanke ọlọ́sàn. Obìnrin kan dà bo tòmátì rẹ̀. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí Haúsá, mo rí Ìgbò, tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn lórí ikùn. Kí n má purọ́, fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mo rò pé bàbá ni wọ́n ń kí. Mo ń ṣe kàyéfì pé n kò mọ̀ pé ó níyì tó báyìí.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kígbe ní Haúsá pé olè ni. Wọ́n yára dìde jù mí lọ. Ẹsẹ̀ kan bọ́ sí àárín ẹ̀yìn mi, òmíràn tẹ ọrùn-ọwọ́ mi, ti ọ̀tún gan-an. Mo rí pákó, mo rí bẹ́líìtì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá àti Yorùbá dí mi lọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan, láì pariwo rárá, béèrè bóyá táyà wà nítòsí. Ẹni tó bá ń gbé orílẹ̀-èdè yìí mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe. Gbogbo ìwé tí mo kà ló kúrò lórí mi. Orúkọ ìyá mi nìkan ló kù.

Ibi tí wọ́n ti ń já ìbọn fàdákà gbà lọ́wọ́ òsì mi ni ìka ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn sá sẹ́yìn. Ìbọn náà tan iná pupa, ó tan aláwọ̀ ewé, ó tan búlúù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọmọdé ní èdè Ṣáínà. Ó kọ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn dúró tì í, pákó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gbọ́. Alhaji Mùfútàù ló sáré dé, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi Haúsá ṣàlàyé fún wọn pé ọjà òun ni, pé oníbàárà òun ni mí, pé n kò ya wèrè, ìwé ni mo kà púpọ̀. Ẹni tó béèrè táyà ló fà mí dìde. Ó gbọn eruku aṣọ mi, ó ní, "Sannu, Malam," bí ẹni tó ń sọ pé pẹ̀lẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

Bàbá Bùkọ́lá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì Alhaji. Ó béèrè ohun tí mo ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí eré ìjọ. Ó béèrè iye ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú eré náà, mo ní gbólóhùn kan.

"Eré ìjọ náà ló ní kí o dijú?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọrùn-ọwọ́ àti ìdìmú, mo sì ń wò ó bí Sátidé ṣe ń fi mí sílẹ̀ lọ. Bàbá Bùkọ́lá mi orí. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ní kí n pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún òun, kí àwọn ẹni ẹlẹ́ni má wulẹ̀ da ara wọn láàmú wá sí Kánò. Mo pe òdo, mo pe ẹ̀jọ. 

Ibẹ̀ ni Malam Sani ti padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò mọ ẹni tí mo jẹ́, kò sì wò mí. Ojú bàbá ló wò, ó rí i pé awò ò fọ́, ó wá fi Haúsá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dákun mú eléyìí. Ó ní láti àná ni bàbá ti ń yan férémù, pé bàbá ní èyí ń mú imú òun tóbi, èyí ń sọ òun di arúgbó, ti ilé-iṣẹ́ yìí ò jókòó dáadáa, ti ìyẹn fún létí. Ó ní bí bàbá bá tún ní kí òun gbé díńgí wá kí bàbá wo ẹ̀gbẹ́ ojú, òun á ti ṣọ́ọ̀bù.

Kánò ni wọ́n bí èmi náà sí. Mo gbọ́ Haúsá, bàbá sì mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Alhaji gbójú sókè, ó ń wo ọ̀run. Ìka bàbá dúró lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́.

"Nítorí Sátidé ni mo ṣe ń yàn án," ni ó wí níkẹyìn, ó sì ti fóònù bọ àpò. "Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ á fẹ́ mọ irú ilé tí ọmọ wọn ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó."

Mo ní, "Ó bá yín mu, sà."

 Ó yí orí sí ọ̀tún. "Láti ẹ̀gbẹ́ ńkọ́?"

Mo ní ó dára láti ẹ̀gbẹ́ pàápàá.

Àwọn èèyàn mi wá. Ìyàwó mi ni Bùkọ́lá lónìí, ó sì máa ń sọ ìtàn yìí fún àlejò ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tó bá ọwọ́ ẹni mu lè má bá ojú títì mu, àti pé kí èèyàn wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kí àna. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ṣì mọ ibi tí wọ́n tẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan ni mo fi ń sọ fún gbogbo ayé pé nítorí iṣẹ́ Olúwa ni. Kì í ṣe nítorí eré ìjọ. Mo kàn fẹ́ wo bí mo ṣe rí ni.