Ìyẹ́ Adìẹ Lójú Ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń gbàgbé ibi tí mo fi awò ojú mi sí lójoojúmọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ nígbà náà. Akọ̀wé kékeré ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Ílọrin, ṣùgbọ́n ẹ bá rí bí mo ṣe ń rìn, ẹ ó rò pé èmi gan-an ni ìjọba. Dúpẹ́, ọmọ Àrán-Ọ̀rin, ni mo ń fẹ́ sọ́nà. Bàbá rẹ̀ ti ṣe hẹ́dímásítà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó kórìíra tó apẹ́lẹ́yìn. Dúpẹ́ ló jíṣẹ́ rẹ̀ fún mi: "Bàbá ní kó o wá lọ́jọ́ Sátidé, agogo méjìlá ọ̀sán. Wọ́n ní bó bá ti lé, kó o má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀." Ó ní ẹnì kan tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ òun ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì parí sí.

Mo yá ọkọ̀ ìjàpá ọ̀rẹ́ mi, mo wọ agbádá funfun, mo gbéra. Súfèé ni mo ń fọn nígbà tí mo kọjá Ganmo. Àfi ìgbà tí mo kúrò ní Àjàṣẹ́ tí mo ká ọkọ̀ akẹ́rù kan mọ́ iwájú, onípákó, tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀. Ọ̀dà ojú ọ̀nà nígbà yẹn kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ. Bí ẹni iwájú kò bá yà fún ọ, inú ẹrẹ̀ ni wàá gbà, òjò sì ti rọ̀ láti àárọ̀. Mo fun fèrè, kò dáhùn. Mo tún fun ún. Nígbà tí a dé afárá kan, ó dúró pátápátá! Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan lábẹ́ tapólì, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó tún dúró ní afárá kejì. Ó dúró ní oríta. Mo wo aago, mọ́kànlá ti kọjá dáadáa. Mo ti ń rí Dúpẹ́ nílé ọkọ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú mi. Mo yọrí síta láti wòran, ọ̀kan bọ́ sí mi lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo rí ọwọ́ kan tó ń tu adìẹ lábẹ́ tapólì.

"Ẹ̀yin ọ̀jẹun wọ̀nyí!" ni mo pariwo. "Ṣé ẹ ò lè délé kẹ́ ẹ tó pa adìẹ jẹ ni? Kí ebi má pa yín kú!"

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí o. Bó bá jẹ́ ìdánwò ni, mo mọ ohun tí ìyẹ́ adìẹ lójú ọ̀nà ń sọ. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti fọ́ mi lójú. Mo já ọwọ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè ya wọ́n sílẹ̀, táyà wọ ẹrẹ̀, ìjàpá yọ̀ ṣọ̀ọ̀, ó di inú kòtò.

Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde, ẹrẹ̀ dé mi lórúnkún. Ọkọ̀ akẹ́rù náà dúró, ọkùnrin márùn-ún sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ẹgba dé. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí léèrè.

Àgbà inú wọn ní, "Àbúrò, ṣé kò sí ohun tó ṣe ọ́?"

Mo gbójú sókè, mo rí i pé wọ́n ti ká tapólì. Pósí ló wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó tì í, adìẹ tó ti tu dé ìdajì wà lórí itan rẹ̀.

"Adìẹ ìrànà tí à ń tu ìyẹ́ rẹ̀ sọ́nà fún òkú ni," ni ọkùnrin náà wí láìbínú. "A kì í jẹ ẹ́." Ó ní ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí ló kú sí ọsibítù n'Ílọrin, Rore ni wọ́n ń gbé e lọ. Gbogbo odò àti oríta ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ ibi tí wọ́n dé fún un, kó má baà ṣìnà ilé.

Ìyá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pósí. "Àkànní, ọmọ mi, ṣe sùúrù díẹ̀. Ẹnì kan ló kó sí kòtò. Wọ́n ń bá a gbé ọkọ̀ rẹ̀ ni. A ó máa lọ báyìí."

Mo bú sẹ́kún. Òkú ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó ṣe sùúrù fún èmi alààyè.

Wọ́n gbé ọkọ̀ mi jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Máa rọra." Awakọ̀ wọn tilẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n kọjá. Bí mo bá sáré gidi, mo ṣì lè bá agogo méjìlá. Mo ro ti Dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti tẹ iná. Mo ṣí fìlà, mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n bá dúró, èmi náà á dúró, títí wọ́n fi yà sọ́nà Rore.

Agogo méjì kù díẹ̀ ni mo dé Àrán-Ọ̀rin. Baba wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aago lọ́wọ́. Mo ti múra láti parọ́ pé táyà ló jò, ṣùgbọ́n irọ́ náà kọ̀, kò jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èébú tí mo bú wọn. Baba ki aago bọ àpò.

"Rore ni wọ́n yà sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wọlé. Mo ní pàṣán ló lọ mú. Fìlà ló dé jáde. "Wá gbé mi lọ. A kì í gbọ́ irú èyí ká jókòó sílé."

Bí mo ṣe lọ kí àna nìyẹn tó jẹ́ pé ṣọ́bìrì ni mo dì mú, tí mo ń da erùpẹ̀ bo Àkànní tí mi ò mọ̀ rí. Baba kò dárúkọ ìgbéyàwó. Nígbà tí mo gbé e padà délé, ó kàn ní, "Sátidé tó ń bọ̀. Agogo méjìlá."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń rọra lọ níwájú mi, mo máa ń sọ fún ara mi pé mi ò mọ ohun tó gbé. Ní ti Sátidé kejì, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti dé. Baba yọjú tòun ti pákò lẹ́nu, ó wò mí, ó ní méjìlá lòun pè, ó bá ti ilẹ̀kùn. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, tí mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.