Ìbò Jẹ́jẹ́

Ó ku ọ̀la kí wọ́n dìbò. Aránṣọ kan gbé iṣẹ́ tì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń dìbò. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pe àbúrò yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, kò sì sẹ́ni tó mọ aṣọ ká bíi tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni kì í tètè wọ̀ ọ́ lórí. Nígbà tí wọ́n dìbò kẹ́yìn, ìta ni wọ́n ní kó dúró sí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ lè mú ẹnì kan dání. Aránṣọ ló máa tẹ̀ lé e, obìnrin tó mọ ohun gbogbo tán.

Ó ya àmì ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta sórí páálí: fìlà, àkàbà, ṣíbí.

"Ó yá. Ẹgbẹ́ wo lo fẹ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún."

"Èwo ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún?"

"Òun ni mo máa ń fi sùn."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ta ló bi ọ́ léèrè oorun? Ó dáa. Tí wọ́n bá ti fún ẹ níwèé, kí o tẹ ìka."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè tẹ ìkà. Ìkà á lù mí."

"Ìka ni mo wí. Ìka ọwọ́ rẹ."

Jẹ́jẹ́ wo àtàǹpàkò rẹ̀. "Èyí ò lè lu ẹnikẹ́ni."

"Lẹ́yìn náà, kí o sọ ìwé náà sínú àpótí."

Jẹ́jẹ́ dìde, ó dojú àpótí tó jókòó lé délẹ̀, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. "Kò níhò."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbọ́n òun ni kò sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń sáré bíi máṣíìnì. Kó sọ ọ̀kan, kó dúró, kó tó sọ èkejì. Aránṣọ gbọ́rọ̀. Ó dá ihò sára páálí bàtà, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Jẹ́jẹ́ ti mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ó ku ẹyọ kan. Fìlà ni kí o tẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Torí èmi mọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin náà máa dìbò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni ti oníkálukú."

"Tiyín wá fẹ́ di méjì."

Aránṣọ ká páálí náà nílẹ̀. Ó ní kó tẹ èyí tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ ìdìbò bi Aránṣọ bóyá àbúrò rẹ̀ mọ ohun tó wá ṣe. Aránṣọ ní ó ṣáà wà níwájú rẹ̀, kó bi í. Jẹ́jẹ́ ní ìbò lòun wá dì. Wọ́n wọlé, Aránṣọ kọjú sógiri. Jẹ́jẹ́ tẹ ìka, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó wá ká ìwé náà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kó tó sọ ọ́ sínú àpótí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn. Ó ní kí wọ́n má bínú, ọdún mẹ́rin lòun fi dúró ní tòun.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ka ìbò lójú gbogbo èèyàn. Fìlà ní igba, àkàbà ní ọgọ́sàn-án. Ṣíbí ní ẹyọ kan. Ẹ̀rín sọ.

Jẹ́jẹ́ nawọ́ sókè. "Tèmi nìyẹn."

Aránṣọ bo ojú. "Jẹ́jẹ́, ìkọ̀kọ̀ ni ìbò. Kí lo tiẹ̀ rí lára ṣíbí?"

"Obìnrin tó ń díje fún wọn wá síbi iṣẹ́ wa. Ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ó sì dúró títí mo fi dáhùn."

Aránṣọ rọra fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. "Ó mà ṣe o. Wọn ò wọlé."

"Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní mi ò wá, òdo ni wọn ì bá gbé lọ sílé."