Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Tí Mo Sọ Di Pápá Ogun

Mo lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba owó oṣù, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo sọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ di pápá ogun, ìyẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń ṣe tíṣà ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì háyà yàrá kan ní Ìlare.

Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọ́ni nílé ìwé kan náà, ló kó bá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó fi páálí sọ́jà oníke kéékèèké ránṣẹ́ sí i, apá kan pupa, apá kan aláwọ̀ ewé. Èèyàn á da dáìsì bíi ti lúdò, á sì sún àwọn sọ́jà rẹ̀ síwájú. Ohun tó kù ni tábìlì tó ní òkè, odò àti ìlú lórí.

"Ìwọ lọ́wọ́ ẹ mọṣẹ́," ni Káyọ̀dé wí. Ìyìn yẹn ló pa mí.

Tábìlì tèmi ò gbà ju àwo oúnjẹ méjì lọ. Àmọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ilé wa ti yọ, wọ́n gbé e ti ògiri de káfíńtà. Mi ò rántí pé àwọn tó ń wẹ̀ ṣì máa ń gbé e dí ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ́ ẹ sórí àga méjì ní ẹ̀yìnkùlé, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná po ìwé ìròyìn tí mo rẹ sómi, mo fi mọ òkè. Mo kun odò ní búlúù, mo gé páálí ṣe ilé àti afárá, mo sì pa lẹ́búlẹ́bú pákó láró aláwọ̀ ewé, mo wọ́n ọn sórí òkè kó lè jọ koríko.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Sàlámọ̀ tí yàrá wa jọ kángun síra figbe ta láti balùwẹ̀. "Ta ló gbé ilẹ̀kùn? Ẹnikẹ́ni má kọjá o!"

Mo sáré mú ẹní, mo nà án sẹ́nu ọ̀nà, mo kọjú sí ògiri bíi mégàádì.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e?"

"Ẹ má bínú mà, òkè ló wà lórí ẹ̀."

"Òkè báwo?"

Ibi tí mo ti ń wá èsì, ewúrẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ òórùn ẹ̀kọ. Kí n tó débẹ̀, ó ti jẹ òkè méjì, ẹnu rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Nígbà tí Ìyá Sàlámọ̀ rí i, ó ní mo ti fún ewúrẹ́ òun ní májèlé jẹ. Kí ó lè gbà mí gbọ́, mo fi ìka bu òkè tó kù, mo lá a níwájú rẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe ewúrẹ́. Èmi ni inú run mọ́jú.

Mo fi ẹní mi sílẹ̀ fún àwọn tó ń wẹ̀, mo sì tún àwọn òkè mọ. Nígbà tó di Sátidé, Káyọ̀dé dé, a to sọ́jà sí bèbè odò, apá kọ̀ọ̀kan níwájú ìlú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá onílé bá wa, wọ́n ń wá ilẹ̀kùn wọn. Àgbàlagbà ni wọ́n. Ìjà ìlú ti jó ilé wọn kan rí, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Eré ni, bàbá," ni Káyọ̀dé fèsì. "Ìlú méjì ló ń jà. Àwọn pupa fẹ́ gba afárá yìí."

Wọ́n fìka kan ilé páálí kan. "Ta ló ń gbé inú èyí?"

Èmi ni mo dáhùn: "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, bàbá."

"Ilé wà, èèyàn ò sí? Àwọn arúgbó ibẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n tún fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀. "Lọ́jọ́ ìjà tiwa, ìyá mi ò lè rìn. Èmi ni mo pọ̀n wọ́n títí dé oko."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n wọn ò bú wa. Wọ́n ní bí a bá ṣeré tán ká dá ilẹ̀kùn padà, wọ́n sì wọlé lọ.

Dáìsì wà lọ́wọ́ Káyọ̀dé, kò lè dà á. Ó bọ́ sínú yàrá mi, ó bu hóró àgbàdo wá, ó fi wọ́n sínú àwọn ilé bí èèyàn. Bí a bá ti fẹ́ yìnbọn, ọ̀kan nínú wa á ní, "Dúró ná, jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí kọjá." Títí oòrùn fi wọ̀, sọ́jà kan ò ṣubú.

"Irú ogun wo lèyí?" ni Káyọ̀dé wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. A kó àgbàdo, a kó sọ́jà, a gbé ilẹ̀kùn padà tòun ti odò lára.

Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ tí mo máa ń fà yọ ni pé kéèyàn má fi ohun tí gbogbo ilé ń lò ṣeré láìtọrọ rẹ̀. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Èyí tí n kì í tètè sọ ni pé odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi kọ́ ìlú méjì, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti fi ẹnì kankan síbẹ̀ àfi àwọn tó máa jà. Mo ṣì ń fi ara mi rẹ́rìn-ín dòní. Àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kì í pẹ́ lẹ́nu mi.