Olówòkéré Fẹ́ Kú, Ọkọ̀ Kọ́lájọ Ń Jò

Ẹjọ́ kan wọ ọkọ̀ dé ààfin Ọlọ́jà wa lánàá. Olówòkéré ni olùpẹjọ́, apẹja àgbà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ènìyàn mẹ́rin ló gbé e gun àtẹ̀gùn pákó láti ojú omi, nítorí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń jẹrà. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Kọ́lájọ, akànkọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

"Kí ni Kọ́lájọ ṣe ọ́?" Ọlọ́jà bèèrè.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Kábíyèsí. Ohun tí mo wá fi sùn gan-an nìyẹn."

Ó ṣàlàyé. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n búra lójú òkun pé ẹni tí kò bá lè dá wọ ọkọ̀ mọ́, ẹnìkejì yóò gbé e kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, yóò sì fi í sílẹ̀ fún òkun.

"Oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò lè dá wọ ọkọ̀. Ìrora ò jẹ́ kí n sùn. Ara mi ni, ó sì ti sú mi. Mo ránṣẹ́ sí i, kò wá."

"Kọ́lájọ, o búra àbí o ò búra?"

"Mo búra, Kábíyèsí. Ọkọ̀ ló ń jò."

"Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tí mo fẹ́ fi gbé e. Òwú tí mo fi dí àárín pákó méjì nísàlẹ̀ ti rà. Ẹ máa yọ gbogbo rẹ̀, ẹ máa jẹ́ kí pákó gbẹ fún ọjọ́ méje, kí ẹ tó fi òwú tuntun àti ọ̀dà gbígbóná dí i. Bí ẹ bá kánjú, ọ̀dà ò ní mú. Ṣé kí n wá gbé àgbàlagbà sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó lè rì sómi!"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn.

"Ṣebí kó lè kú lo fẹ́ torí ẹ̀ gbé e lọ?" ọ̀kan bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olóyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ọkọ̀ tí èmi kàn. Kí ni wọ́n á máa sọ nípa iṣẹ́ mi?"

"Òpùrọ́!" ni Olówòkéré wí. "Ọkọ̀ yẹn kan náà ló gbé lọ sí Ugbonla níjẹta!"

"Mo ń gbọ́n omi lọ ni."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Moríkẹ́, ọmọ Olówòkéré, kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, kò sí ibi tó ń ro bàbá mi. Ọjọ́ orí lásán ni. Àwa ọmọ la ni wọ́n, a ò sì tíì ṣetán."

"Ẹ ni mí bí i ti báwo? Ṣé àwọ̀n ni mí?"

Rejoice, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú bàbá, dìde. "Ó ń ro wọ́n gan-an, Kábíyèsí. Oògùn ìrora wà lọ́wọ́ mi. Moríkẹ́ ló ní kí n má fún wọn."

Ọlọ́jà yíjú sí Moríkẹ́. "Ṣebí o ní kò ro wọ́n?"

"Bí wọ́n bá lo oògùn náà, wọ́n á dákẹ́, Kábíyèsí. Àyà mi á já. Bí wọ́n bá ń kérora, mo mọ̀ pé wọ́n ṣì wà."



"Dókítà ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà," Rejoice fi kún un. "Bàbá kọ̀."

"Méjì ni mo gbé wáyé," ni Olówòkéré wí.

Ọlọ́jà dájọ́. "Ara Olówòkéré, òun ló ni ín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé ẹsẹ̀ tí kò ní kí wọ́n gé. Rejoice, fún un lóògùn rẹ̀ lónìí. Moríkẹ́, bó bá dákẹ́, gbé ọwọ́ lé e láyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Kọ́lájọ, Kọ́lájọ ló ni ín. Olówòkéré, o ò lè yá a fi kú. Mo tú ìbúra yẹn. Ikú mọ ilé rẹ, kò ní kí ẹnikẹ́ni tukọ̀ wá pàdé òun."

Kọ́lájọ dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́.

"Má tíì dìde. Oṣù mẹ́ta lo fi ń wá òwú àti ọ̀dà, o ò yọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọ̀la, wàá máa jókòó ti ẹní rẹ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, títí ọlọ́jọ́ á fi dé."

"Kábíyèsí, èmi náà ti lé lọ́gọ́rin. Bí èmi bá kọ́kọ́ kú ńkọ́?"

Olówòkéré gbé orí sókè, inú bí i.

"Kò gbọdọ̀ dán an wò! Èmi ni mo kọ́kọ́ tò sórí ìlà."