Sàráà Méjì Lórí Ọmọ Kan

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Bí mo bá ti rántí ẹ̀, màá kọ́kọ́ fọwọ́ bojú kí n tó bú sẹ́rìn-ín.

Ní nǹkan bí ọdún 1992, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan n'Ílọrin gbà mí wọlé. Wọ́n ní kó tó di Mọ́ńdè, kí n mú ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti bísínẹ́ẹ̀sì. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, ní, "Ọrọ̀ ajé ni kó o kà. Ìjọba á máa wá ẹ kiri." Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Ìyá Aláṣọ, tó ń tajà l'Ọ́jà Tuntun, ní, "Bísínẹ́ẹ̀sì ni o, kó o lè gba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́ mi." Mo tún ní, "Ó dáa, Ìyá." Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í sọ fágbà pé rárá. Tèmi ni wọ́n kọ́ kọjá ààlà.

Mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì máa fi sàráà sí i. Láàárọ̀ Jímọ̀, Bàbá pe Alfa àdúgbò wa. Alfa ní, "Ọlọ́hun á sọ ọ́ dọ̀gá nídìí ọrọ̀ ajé." Mo ṣàmín, mo sì jẹ másà sàráà náà yó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá Aláṣọ ránṣẹ́ pe èmi àti Bàbá, wọn ò sọ ìdí. Bá a ṣe wọlé, ta ni mo rí lórí ẹní? Alfa yẹn kan náà! Kíá, mo fa ìborùn bojú, mo sá sẹ́yìn àwọn obìnrin.

Ìyá Aláṣọ ní, "Ìwọ, máa bọ̀ níwájú. Alfa, bísínẹ́ẹ̀sì lọmọ yìí fẹ́ kà, ẹ bá wa ṣàdúà sí i."

Ìborùn ò jẹ́ kí n ríran. Ẹsẹ̀ mi kọ abọ́ fùrá oníwàrà tí wọ́n gbé síwájú Alfa, gbogbo ẹ̀ dà sára aṣọ funfun Alfa, ìborùn sì já bọ́.

Alfa wò mí títí. "Ìyá, ẹ má bínú, ṣé ìbejì lọmọ yìí ni? Torí mo ti ṣàdúà ọrọ̀ ajé fún ọ̀kan láàárọ̀."

Bàbá yíjú sí mi. "Kí lo sọ fún Ìyá?"

"Mo ní ó dáa ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Mo ní ó dáa náà ni."

Alfa ń nu aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ fúnra ẹ, èwo lo fẹ́?"

Ẹnì kankan ò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí pé Bàbá máa kọ̀yìn sí mi, àmọ́ mo là á mọ́lẹ̀ pé òwò ló wù mí.

Bàbá wá ní, "Alfa, ẹ bá wa ṣàdúà bísínẹ́ẹ̀sì ọ̀hún." Àmín tiwọn ló ròkè jù.

Mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá títí dòní, Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn lè sọ tinú ẹ̀ fágbà láì rí wọn fín. Lọ́nà ilé, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, wọ́n ní, "Dìde jàre. Ìwọ tiẹ̀ gbìyànjú. Láti kékeré mi, mi ò tíì lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi yẹn pé rárá."